Ayò Kan Ló Lé Wọn Lọ: Excelsior àti NAC Breda nínú Play-off Ọdún 2024

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2024, Excelsior na NAC Breda ní 4-1 nínú ilé wọn ní Rotterdam, Excelsior sì já kúrò ní Eredivisie, líìgì tó ga jù ní Nẹ́dálándì, lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, NAC ti fi 6-2 gbá wọn ní Breda. Ẹ ro ó pọ̀: 6 àti 1 jẹ́ 7, 2 àti 4 jẹ́ 6. Góòlù kan ṣoṣo ló gbé NAC gòkè lẹ́yìn ọdún márùn-ún ní ìpele kejì, òun náà ló sì ti Excelsior síta.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló pe èyí ní oríburúkú Excelsior. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 2018 títí dé 2025, gbogbo ẹgbẹ́ Eredivisie tó wọ inú play-off yìí, ìdíje ìparí sáà tó ń pinnu ẹni tó máa wà ní Eredivisie, ló já. Mẹ́sàn-án wọlé, mẹ́sàn-án lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ báyìí léraléra, ọ̀nà tí wọ́n gbà to ìdíje náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó máa dá aṣọ́lé tàbí kóòṣì lẹ́bi.

Pọ́ìntì 29, ẹgbẹ́ méjì

Ẹgbẹ́ 18 ló wà ní Eredivisie, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34. Ẹni tó bá ṣe ipò 17 àti 18 á já tààrà sí ìpele kejì, Eerste Divisie, tí onígbọ̀wọ́ sọ di Keuken Kampioen Divisie láti 2018. Ẹni tó bá ṣe ipò 16 kò tíì já, kò sì tíì yè. Ó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀ du àyè kan tó ṣẹ́ kù.

Nígbà tí sáà 2023/24 parí, RKC Waalwijk ní pọ́ìntì 29, Excelsior náà ní pọ́ìntì 29. Ìyàtọ̀ góòlù ló yà wọ́n sọ́tọ̀. RKC ṣe ipò 15, àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sinmi létí òkun. Excelsior ṣe ipò 16. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí níbẹ̀ ni pé Excelsior gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ju RKC lọ dáadáa ní sáà yẹn. Ọwọ́ iwájú wọn kò burú rárá. Ẹ̀yìn wọn ló ń jò: bí wọ́n bá gbá méjì wọlé, wọ́n lè gba mẹ́ta sílé kí réfìrí tó fun fèrè. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34, wọ́n borí 6, wọ́n gbá ọ̀mì 11, wọ́n sì pàdánù 17. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé Breda.

Àwọn kan sọ pé bí kì í bá ṣe ìyà tí wọ́n fi jẹ Vitesse, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Lóòótọ́, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, KNVB, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nẹ́dálándì, yọ pọ́ìntì 18 kúrò lọ́wọ́ Vitesse nítorí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ àti owó, Vitesse sì parí sáà pẹ̀lú pọ́ìntì 6 péré. Ṣùgbọ́n ẹ dá pọ́ìntì 18 náà padà fún wọn: 24 ni wọn ì bá ní. Volendam ní 19. Vitesse ì bá gun orí Volendam sí ipò 17, Volendam ì bá lọ sí 18, Excelsior á sì wà ní 16 níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ Vitesse kò kàn wọ́n.

Bí ìdíje náà ṣe rí

Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló ń ti Eerste Divisie wọ play-off. Ẹgbẹ́ méjì tó ṣáájú tábìlì ti gòkè tààrà. Ní 2024, Willem II àti FC Groningen ni. Àwọn mẹ́fà yòókù kò fi ipò lórí tábìlì nìkan wọlé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni wọ́n ń gbá ní sáà kan níbẹ̀, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní periode. Ẹni tó bá kó pọ́ìntì jù lọ nínú ọ̀nà kan ti gba tíkẹ́ẹ̀tì play-off nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Àyè tó bá kù, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó ti gòkè tààrà, á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe dáadáa jù lórí tábìlì ìparí.

Àwọn Jong, ìyẹn ẹgbẹ́ kejì Ajax, PSV, AZ àti Utrecht, wà nínú líìgì yẹn pẹ̀lú àwọn tó kù, ṣùgbọ́n wọn kò lè gòkè, wọn kò sì lè gba play-off. Ní 2018, Jong Ajax gba ife líìgì náà, Fortuna Sittard tó ṣe ipò kejì ló sì gòkè dípò rẹ̀. Àǹfààní tí ètò yìí ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ kékeré pọ̀: ẹni tó wà ní ipò 8 tàbí 9 lórí tábìlì kì í sábà rí ìdí tó fi yẹ kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin.

Ìpele mẹ́ta ni play-off ní. Ní ìpele àkọ́kọ́, àwọn mẹ́fà náà pín sí méjì-méjì, mẹ́ta yóò yè. Ẹni tó ṣe ipò 16 ní Eredivisie á wá di ìkẹrin wọn nínú ìpele kejì. Àwọn méjì tó bá borí á pàdé ní àṣekágbá. Ilé àti oko ni wọ́n ń gbá ìpele kọ̀ọ̀kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, wọ́n á sì ro góòlù méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù ló máa ń gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì sí ilé rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ Eredivisie ló máa ń ní i ní gbogbo ìgbà. Ọdún 2021 nìkan ló yàtọ̀: nítorí àrùn kòrónà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbá.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá ti ìsàlẹ̀ wá máa gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ti òkè wá, mẹ́rin ni tirẹ̀. Lójú ẹni tó bá ń wòran láti òkèèrè, ẹni tó ti òkè wá ló yẹ kó ní ẹsẹ̀ tí kò tíì rẹ̀, owó oṣù tó ju ti alátakò lọ, àti pápá ilé rẹ̀ fún ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù. Gbogbo èyí ni Excelsior ní ní 2024. Ó tilẹ̀ ti lé ADO Den Haag dànù kó tó dé àṣekágbá.

Alẹ́ Breda

Rat Verlegh Stadion tí NAC ń lò gba èrò bí 19,000. Pápá Excelsior ní Kralingen, ládùúgbò ìlà-oòrùn Rotterdam, kò gba ju bí 4,400 lọ. Bẹ́ẹ̀ Excelsior ni ará òkè, NAC sì ni ará ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Breda mọ ariwo wọn. Àwọn olólùfẹ́ NAC máa ń ṣe bí ẹni pé àwọn ni ìkejìlá lórí pápá, ọdún márùn-ún tí wọ́n ti lò nísàlẹ̀ sì ti mú ebi pa wọ́n.

Kóòṣì NAC ni Jean-Paul van Gastel, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Feyenoord, tó sì tún jẹ́ igbákejì kóòṣì níbẹ̀. Ti Excelsior ni Marinus Dijkhuizen, ẹni tó gbé wọn gòkè ní 2022. Kò sí nínú wọn tó kéré sí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń jò láti oṣù Kẹjọ kò lè di òkúta nínú oṣù Karùn-ún. 6-2.

Nínú ìdíje ilé àti oko, òfin kan wà tí àwọn kóòṣì máa ń tẹnu mọ́: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ kò lè fún ọ ní ife, ṣùgbọ́n ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ẹgbẹ́ tó ti ń fi góòlù méjì rẹ́yìn lóde yẹ kó ti ìlẹ̀kùn. Kó gbà pé òun ti pàdánù alẹ́ yẹn, kó fa àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kó yọ oníwájú kan kúrò fún agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan, kó sì lọ ṣí ojú padà nílé. Góòlù méjì ṣeé dá padà nílé. Mẹ́ta le, ó sì tún ṣeé ṣe. Mẹ́rin jẹ́ ìṣòro gidi. Excelsior kò mọ bí wọ́n ṣe ń ti ìlẹ̀kùn. Irú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ nìyẹn ní gbogbo sáà: wọ́n ń lépa góòlù tiwọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Èyíkéyìí nínú góòlù mẹ́fà tí NAC gbá wọlé ì bá ṣẹ́, 5-2 ni ìbá jẹ́, 4-1 ọjọ́ kejì ì bá sì sọ ọ́ di 6-6.

Ohun tó yí padà nínú òfin

Ní Rotterdam, Excelsior ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n nílò góòlù mẹ́rin láìgba ọ̀kan sílé kí wọ́n tó lè dé àfikún àsìkò. Wọ́n gbá mẹ́rin. Wọ́n gba ọ̀kan sílé.

Láyé àtijọ́, nígbà tí góòlù tí a gbá lóde ṣì ń jù ti ilé lọ bí àpapọ̀ bá dọ́gba, ìṣirò Excelsior ì bá rọrùn. Bí ó bá parí sí 4-0, 6-6 ni. Excelsior ti gbá méjì wọlé ní Breda, NAC kò ní ọ̀kan ní Rotterdam. Excelsior yè nìyẹn láìsí pé a gbá ìṣẹ́jú kan sí i. Kódà pẹ̀lú góòlù NAC yẹn, 5-1 ì bá jẹ́ 7-7, méjì lóde ju ọ̀kan lóde lọ, Excelsior á tún yè. Lábẹ́ òfin tuntun, 4-0 tàbí 5-1 kò ṣe ju kí ó gbé wọn dé àfikún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Excelsior gan-an ti jẹ nínú òfin méjèèjì. Ní 2010, wọ́n bá aládùúgbò wọn, Sparta Rotterdam, du àyè Eredivisie. Nílé Excelsior, 0-0. Nílé Sparta, Sparta gbá ọ̀kan wọlé nígbà tí àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn èrò ti ń yọ̀. Nínú àfikún ìṣẹ́jú, Guyon Fernandez, tí wọ́n yá láti Feyenoord, dá a padà. 1-1, Excelsior sì gòkè nítorí góòlù tí wọ́n gbá lóde.

Ní 2022, òfin yẹn ti lọ. Wọ́n gbá 1-1 pẹ̀lú ADO Den Haag ní Rotterdam. Nígbà tí wọ́n dé Den Haag, ADO ti ń fi 3-0 ṣáájú wọn. Excelsior dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, àfikún àsìkò parí sí 4-4. Bó bá jẹ́ òfin àtijọ́ ni, góòlù mẹ́ta tí wọ́n gbá lóde ì bá ti parí ọ̀rọ̀ kí àfikún àsìkò tó bẹ̀rẹ̀. Ó di pẹnárítì, Excelsior borí ní 8-7, àwọn olólùfẹ́ ADO ya wọ pápá, wọ́n ń ju ohun tó ń bú gbàmù, àwọn agbábọ́ọ̀lù Excelsior sì sá wọlé láìrí àyè yọ̀ tán. Ẹ fi 2014 kún un, tí wọ́n tún gba play-off gòkè, àti 2019, tí wọ́n fi ipò 16 wọ play-off, tí RKC sì lé wọn lọ. Nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà márùn-ún ni play-off ti yí líìgì Excelsior padà: mẹ́ta sókè, méjì sísàlẹ̀. Mi ò mọ ẹgbẹ́ mìíràn ní Nẹ́dálándì tí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ipò 16 fi ń já

Kí a wá padà sórí mẹ́sàn-án tó já. Ní 2018, Roda JC (16) àti Sparta (17) wọ play-off, méjèèjì já. Ní 2019, Excelsior (16) àti De Graafschap (17), méjèèjì já. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ Eredivisie méjì ló ń wọlé, àyè méjì ló sì wà. 2020 kò ní play-off. KNVB dá bọ́ọ̀lù dúró nítorí kòrónà, ẹnikẹ́ni kò gòkè, ẹnikẹ́ni kò já. Láti 2021 ni ètò tuntun bẹ̀rẹ̀, tí ipò 17 ń já tààrà, tí ipò 16 nìkan ń wọ play-off fún àyè kan. Emmen já ní 2021, Heracles ní 2022, Emmen lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2023, Excelsior ní 2024, Willem II ní 2025.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ẹgbẹ́ ipò 16 gbọ́dọ̀ borí alátakò méjì léra, ìpele kejì àti àṣekágbá. Ká ní ó lágbára ju ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ, débi pé bí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó máa borí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Àǹfààní rẹ̀ láti yè kò tó ìdajì rárá: 0.6 ní ìlọ́po 0.6 jẹ́ 0.36. Kódà bí ẹ bá fún un ní méje nínú mẹ́wàá, 0.49 ló máa jáde. Ẹgbẹ́ tó dára jù lórí pápá ṣì ṣeé ṣe kó já ju kó yè lọ. Bí a bá fi 0.36 yẹn ṣe é, pé márùn-ún léra á já láti 2021 dé 2025 jẹ́ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ìṣirò kò tán gbogbo rẹ̀, nítorí mẹ́rin mìíràn tún já ní 2018 àti 2019, nígbà tí àyè méjì ṣì wà. Èyí tó kù wà lẹ́sẹ̀ àti lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 láti oṣù Kẹjọ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di ohun tí wọ́n ti jẹ mú. Ẹgbẹ́ tó ti ìsàlẹ̀ wá ti la ìpele kan tàbí méjì kọjá, ó ti borí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara rẹ̀ yá. Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń wòran kì í rí: àdéhùn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù máa ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Àwọn tí wọ́n yá wá máa padà sí ẹgbẹ́ wọn. Nínú àwọn mọ́kànlá tó ń gbá àṣekágbá fún ẹgbẹ́ Eredivisie, ó lè jẹ́ pé àwọn mélòó kan ti mọ̀ pé ibòmíràn làwọn máa wà lóṣù kejì, bí ẹgbẹ́ yè bí kò yè. Kò sí kóòṣì tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú ìyẹn.

Ọ́fíìsì náà kò rọrùn. Ẹgbẹ́ tó wà ní ipò 16 gbọ́dọ̀ kọ ètò ìnáwó méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún Eredivisie, ọ̀kan fún Eerste Divisie, níbi tí owó tẹlifíṣọ̀n ti kéré gidi. Ọlọgbọ́n a máa kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó oṣù máa dínkù bí ẹgbẹ́ bá já. Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ ọ́ a máa ta àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní òjìji, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ní owó tí olùrà bá fẹ́. Rírà agbábọ́ọ̀lù fún sáà tuntun kò sì lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nítorí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wá á máa béèrè pé inú líìgì wo la máa wà, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn kí oṣù Kẹfà tó wọlé. RKC tó ní pọ́ìntì kan náà pẹ̀lú Excelsior ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Lẹ́yìn náà

NAC dúró ní Eredivisie ní sáà tó tẹ̀ lé e. Dijkhuizen kúrò ní Excelsior, Ruben den Uil gba ipò rẹ̀, Excelsior sì ṣe ipò kejì ní Eerste Divisie ní 2024/25 lẹ́yìn Volendam. Wọ́n padà sókè tààrà, wọn kò fọwọ́ kan play-off.

Willem II ló kàn ní ọdún yẹn, ẹgbẹ́ Tilburg tí Bartholomew Ogbeche tiwa gbá bọ́ọ̀lù fún ní 2017/18. Ọdún kan ṣáájú, àwọn ló gba ife Eerste Divisie. Ní 2025 wọ́n ṣe ipò 16. Wọ́n bá Telstar pàdé ní àṣekágbá, ẹgbẹ́ kékeré láti Velsen tó parí líìgì rẹ̀ ní ipò 7, tí Anthony Correia sì jẹ́ kóòṣì rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2-2 nílé Telstar. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, Willem II ní pápá ilé rẹ̀, ní èrò rẹ̀, ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì tí òfin fún un. Telstar na wọ́n ní 3-1, wọ́n sì wọ Eredivisie fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti já ní 1978.